Àkọ́yọ Ìyá Oníbúrẹ́dì

Bí Ìyá Oníbúrẹ́dì bá fún ọ ní nǹkan, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Kì í ṣe ahun o. Ẹni tó lawọ́ bíi tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹnu rẹ̀ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Bó bá fi búrẹ́dì kan ṣoṣo ta ọ́ lọ́rẹ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ẹni tó ń tún bàtà ṣe ní ìparí òpópónà á ti máa bi ọ́ bóyá ó dùn. Ẹ wá ro ó wò, nígbà tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ fi ilé ọmọ rẹ̀ ta ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ.

Ilé ọmọ ni mo wí, etí yín kò parọ́ fún yín. Ibi tí ọmọ ń gbé nínú ìyá rẹ̀ kó tó wáyé. Wọ́n yọ ọ́ lára ìyá ọkọ, wọ́n gbé e sára ìyàwó, àwọn méjèèjì wà láàyè, wọ́n jọ ń po ìyẹ̀fun nínú ilé búrẹ́dì kan náà, wọ́n sì jọ ń jà lórí iyọ̀.

Ìyàwó ni gbogbo èèyàn ń pè é níbẹ̀. Ọjọ́ tí Awakọ̀, ọmọkùnrin Ìyá Oníbúrẹ́dì tó ń fi ọkọ̀ gbé búrẹ́dì kiri, mú un wọlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé bàbá rẹ̀ sì ti sinmi látìgbà náà. Òun ló ń gé ìṣù ìyẹ̀fun, tó ń ká a, tó ń tò ó sínú agolo. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ ni kò yá. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó retí nǹkan oṣù bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rí i, ó retí títí, kò rí nǹkan kan. Àyẹ̀wò ló tú àṣírí: ẹyin wà, gbogbo nǹkan tó kù wà ní ipò rẹ̀, ilé ọmọ nìkan ni kò sí. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Kó tó gbà láti fẹ́ Awakọ̀, ó jókòó tì í nínú ọkọ̀ búrẹ́dì, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Awakọ̀ nu gíláàsì iwájú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dọ̀tí, ó ní, "Ìwọ ni mo ń fẹ́. Ta ló sọ fún ọ pé mo ń wá yàrá?" Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí tó fi sunkún, ó sì fẹ́ ẹ.

Wọn ò sọ fún Màmá, ìyá Awakọ̀. Àṣìṣe ńlá nìyẹn, torí pé Màmá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Bí búrẹ́dì bá ti ń wọ ààrò láàárọ̀, ohùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé kan: "Bí búrẹ́dì yìí ṣe ń wú, bẹ́ẹ̀ ni ikùn ìyàwó mi á máa wú!" Bàbá Ààrò, àgbàlagbà tó ń ṣọ́ iná, á ní "Àmín" láìgbójú sókè. Ìyàwó fara da á fún ọdún méjì. Lọ́jọ́ kan, àmín yẹn sú u. Ó fi ìṣù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ má yọ Ọlọ́run lẹ́nu mọ́. Kò sí ilé ọmọ lára mi. Wọn ò dá a mọ́ mi."

Lọ́jọ́ náà, Ìyá Oníbúrẹ́dì kò bá ẹnikẹ́ni jà títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, Bàbá Ààrò sì bèèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ara rẹ̀ yá. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló gbọ́ nǹkan kan lórí rédíò, ló bá já wọlé bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"A ti gbọ́ pé wọ́n ń pààrọ̀ kíndìnrín," ó ní, èémí rẹ̀ ò tíì balẹ̀. "Wọ́n ti ń pààrọ̀ ilé ọmọ náà báyìí! Ẹni tó ní, á fún ẹni tí kò ní. Ìyàwó mi, tèmi rèé." Ó gbá ikùn ara rẹ̀. "Ó bí mẹ́ta, ó jókòó látìgbà náà. Kò ṣiṣẹ́, kò sì kó jáde."

Dókítà tó gbà wọ́n ní ilé ìwòsàn ńlá jẹ́ obìnrin kúkurú kan tó máa ń gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sórí, tí á sì tún máa wá a kiri. Ó yẹ wọ́n wò, ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu, ó wá jókòó láti ṣàlàyé. Màmá ti di ìbéèrè tirẹ̀ bọ̀ láti ilé.

"Dókítà, ṣé kò ti gbó jù? Ó ti pẹ́ tí mo ti rí nǹkan oṣù mi kẹ́yìn o."

"Màmá, ẹyin ló ń gbó. Ilé ọmọ, bí a bá fún un lóògùn, á jí."

"Ọmọ náà wá ńkọ́? Ọmọ ta ni á jẹ́?"

"Ẹyin ìyàwó yín ni, àtọ̀ ọmọ yín. Níta la ó ti pa wọ́n pọ̀, a ó tọ́jú ọlẹ̀ náà sínú òtútù títí ara ìyàwó yín á fi gba ilé ọmọ náà, ká tó wá gbé e síbẹ̀. Ilé ọmọ ò ní fi nǹkan kan kún ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Àwọn méjèèjì yìí ló ni ín. Ọmọ-ọmọ yín ni."

"Mo mọ̀," Màmá wí. "Bí ẹ bá wá yọ ọ́ nígbẹ̀yìn, ṣé ẹ máa dá a padà fún mi?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá gíláàsì rẹ̀. Ó ní rárá, wọn kì í dá a padà, wọn ò sì ní jẹ́ kó pẹ́ lára Ìyàwó pàápàá, torí pé oògùn tí Ìyàwó á máa lò kí ara rẹ̀ má baà lé àlejò náà jáde máa ń bá kíndìnrín jà. Bó bá ti bímọ tán, wọ́n á yọ ọ́. Awakọ̀ ní kí wọ́n dákun fún òun lómi mu.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tí Màmá lajú lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ṣé ó bá a mu?" bí ẹni pé aṣọ ló rán. Ó bá a mu. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Ìyàwó rí nǹkan oṣù fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sọ fún Màmá, Màmá sì sọ fún gbogbo ẹni tó tò sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó wá ra búrẹ́dì jẹ́jẹ́ wọn ń bá a yọ̀, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń wo bàtà wọn.

Nígbà tó yá, wọ́n yọ àwọn ọlẹ̀ kúrò nínú òtútù. Ọ̀kan ṣoṣo ló yè. Ọ̀kan náà ni wọ́n gbé sínú rẹ̀, ọ̀kan náà ló dúró. Dókítà ò fi bò fún un: èyí ni àkọ́kọ́, èyí náà ni ìgbẹ̀yìn.

Ayọ̀ wọn kò láfiwé. Láràárọ̀, Màmá á wá gbé ọwọ́ tí ìyẹ̀fun bò lé ikùn Ìyàwó, á ní, "Ẹ kú ilé o! Ṣé ibẹ̀ ò gbóná jù? Bàbá rẹ náà gbé ibẹ̀, kò ráhùn." Ìyàwó á rẹ́rìn-ín, á gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára aṣọ rẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí èrò tò dé ojú títì, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń fi gbogbo òwúrọ̀ ra búrẹ́dì kan ṣoṣo, ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ọmọ yìí bá dé, ta gan-an ni ìyá rẹ̀? Ẹni tó ni ẹyin ni, àbí ẹni tó ni ilé?"

"Ẹni tó gbé oyún ni!" obìnrin kan dá a lóhùn. "Ta ló ń bì láàárọ̀?"

"Ẹni tó bá tọ́ ọ ni," ẹlòmíràn sọ láti ẹ̀yìn.

Bàbá Ààrò yọ orí síta, òógùn bò ó. "Kí ló le níbẹ̀? Ẹni tó ni agolo kọ́ ló ni búrẹ́dì."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín nídìí tábìlì tó ti ń di búrẹ́dì sọ́rá. Ìyá Oníbúrẹ́dì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Agolo kẹ̀? Ta ló yá a ní agolo? Ìwúkàrà ni mo fún un! Ṣé ẹ ò mọ òfin iṣẹ́ wa ni? Àkọ́yọ, tèmi ni."

Èrò tún rẹ́rìn-ín, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọwọ́ Ìyàwó dúró lórí ọ̀rá.

Ó yẹ kí n sọ òfin náà fún ẹ̀yin tí wọn kò bí sílé oníbúrẹ́dì. Wọn kì í lo yíìsì inú páálí níbẹ̀. Ìwúkàrà ni wọ́n ń lò, ìṣù ìyẹ̀fun kíkan kan tó ń gbé inú ike onídèérí, tí wọ́n ń fún ní ìyẹ̀fun àti omi lójoojúmọ́ bí ẹran ọ̀sìn. Bí ti ẹlòmíràn bá kú, ó lè wá tọrọ díẹ̀, a kì í tà á fún un. Àmọ́ búrẹ́dì tó bá kọ́kọ́ jáde láti inú ìwúkàrà títọrọ, ti ẹni tó fúnni ni, gbogbo rẹ̀ pátá. Òun ni wọ́n ń pè ní àkọ́yọ. Ẹni tó fúnni á bù ú jẹ, á ní "Ó yọ," ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, èyí tó bá ń jáde lẹ́yìn ìgbà náà di ti ẹni tó tọrọ. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ìyàwó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí obìnrin kan láti òpópónà kejì gbé àkọ́yọ tirẹ̀ wá, tó ń bẹ Màmá pé kó fi ìdajì sílẹ̀ fún òun, àwọn oníbàárà òun ń dúró. Màmá gba gbogbo rẹ̀, ó sì pín in fún àwọn tó ń kọjá lọ lójú obìnrin náà. Òfin ni òfin.

Òfin yẹn dára fún búrẹ́dì, torí pé òmíràn ń bọ̀ lọ́la. Nínú ikùn Ìyàwó, kò sí òmíràn tó ń bọ̀.

Ẹ̀fẹ̀ ni, ó sọ fún ara rẹ̀. Àmọ́ kò pẹ́ tí wọ́n kó àwọn àpò yíya àti agolo tó ti dípẹtà kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn nílé Màmá, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ yẹ́lò, ibùsùn ọmọdé kékeré kan sì jókòó sáàárín rẹ̀. Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà, òórùn ọ̀dà ń ta á nímú.

"Màmá, ta lẹ kun yàrá yìí fún?"

"Ẹni tó ń bọ̀ ni."

"Òun nìkan?"

"Ìwọ náà mọ̀ pé yàrá tiyín kéré, ìyàwó mi. Ọ̀dọ̀ mi ni á kọ́kọ́ wà." Màmá ń fi èékánná họ ọ̀dà tó ta sí ojú fèrèsé, kò wẹ̀yìn.

Á kọ́kọ́ wà títí dìgbà wo? Ìyàwó kò bèèrè. Ilé ló lọ, ó sì dúró de ọkọ rẹ̀.

Awakọ̀ fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ó sì mọ̀ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ ọ̀tún, ó ronú, ó bọ́ tòsì. "Bí wọ́n bá ní kó lo bí ọdún kan sí méjì lọ́dọ̀ àwọn ńkọ́? Òpópónà kan péré ló wà láàárín wa. Lẹ́yìn gbogbo nǹkan tí wọ́n ṣe fún wa…"

Ọ̀rọ̀ ìparí yẹn ló gún Ìyàwó. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ni ìdáhùn gbogbo èèyàn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá irú rẹ̀ lóhùn. Ẹni tó fún ọ láṣọ, bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, o lè ká aṣọ rẹ̀ fún un. Kí lo máa ká fún ẹni tó fún ọ ní ohun tí ọmọ rẹ ń gbé inú rẹ̀? Ó ti fẹ́ ọmọ yìí láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún un pé kò lè bí i. Ẹ̀rù bà á. Ó rí i lọ́kàn rẹ̀ pé wọ́n ń gbé ọmọ náà kọjá títì, òun sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń kí wọn pé ẹ ṣé.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyàwó ti dákẹ́ tó láyé rẹ̀. Ó jókòó, ó ronú bí oníbúrẹ́dì ti ń ronú, ó sì rí ọ̀nà. Bó bá jẹ́ pé àkọ́yọ ni Màmá fẹ́, àkọ́yọ ni á rí, kí èyí tó bá jáde lẹ́yìn rẹ̀ lè di ti òun.

Lọ́jọ́ kejì, ó tọrọ ìwúkàrà díẹ̀ lọ́wọ́ Màmá, ó bù ú sínú kọ́ọ̀bù, ó gbé e lọ sílé ara rẹ̀. Kò tíì fi ìwúkàrà yẹn ṣe búrẹ́dì lábẹ́ òrùlé tirẹ̀ rí. Dókítà ti ní kó máa sinmi, ó sì ń sinmi láàárín ìgbà tó ń fi ìbínú po ìyẹ̀fun. Inú ń bí i, kò fún ìwúkàrà ní àkókò tó yẹ, ó gbàgbé iyọ̀, sítóòfù ilé ló sì lò, kì í ṣe ààrò. Búrẹ́dì náà jáde ní pẹlẹbẹ, ó pupa lápá kan, ó funfun lápá kejì. Ó wò ó. Ó fi aṣọ mímọ́ dì í, ó gbé e lé orí ikùn rẹ̀ bí ẹni gbé e sórí tábìlì, ó sì gba ojú títì lọ.

Èrò tò sẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì. Tíṣà wà níwájú, ó ń yan búrẹ́dì kan ṣoṣo. Ìyàwó kọjá lára gbogbo wọn, ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó tú aṣọ náà.

"Màmá, ìwúkàrà yín ni mo tọrọ, mo fi ṣe búrẹ́dì nílé mi. Àkọ́yọ yín rèé. Ẹ bá mi jẹ ẹ́, kí ẹ sì ní ó yọ."

Màmá wo Ìyàwó, ó wo búrẹ́dì, ó bù ú jẹ. Ó jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. "Kí lo fi ṣe èyí?" ó ní. "Sìmẹ́ńtì?"

Ẹ̀rín sọ nílé. Bàbá Ààrò di ògiri mú. Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín, omi ti lé sí i lójú. "Ẹ ṣáà sọ pé ó yọ, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ ọ́ kí n lè bímọ sílé mi."

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu wọn. Ìyá Oníbúrẹ́dì tó ń fi ahọ́n wá ìyẹ̀fun láàárín eyín rẹ̀ jáwọ́. Ó di apá Ìyàwó mú, ó gbé e dìde, ó sì mú un wọ yàrá tí wọ́n ń kó ìyẹ̀fun sí, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó jókòó sórí àpò kan, Màmá jókòó sórí èkejì. Ó ṣì mú búrẹ́dì náà lọ́wọ́.

"O rò pé mo fẹ́ gba ọmọ rẹ."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Màmá. Lójú gbogbo èèyàn lẹ sọ ọ́. Ẹ sì ti kun yàrá."

Ìyàwó dúró kí Màmá pariwo, kí ó pe òun ní aláìmoore, tàbí kí ó kàn ní ẹ̀fẹ̀ ni. Màmá ò ṣe ọ̀kankan.

"Mo fẹ́ gbà á," ó ní. "Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ń bò ó mọ́lẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ gbà á, mi ò ní parọ́ fún ọ. Látìgbà tí wọ́n ti ní o lóyún, bí mo bá jí, ikùn ara mi lọwọ́ mi ń lọ. Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn lọ kí wọ́n yọ ọ́. Orí mi mọ̀, ọwọ́ mi ni ò mọ̀."

"Màmá…"

"Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Mo rò pé o máa gbà. Ìwọ, o kì í jà."

Ẹ̀rù ń ba Ìyàwó, àánú Màmá ń ṣe é, inú sì ń bí i, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mi ò ní gbà, Màmá. Bí ẹ bá ní kí n kúnlẹ̀ fún yín láràárọ̀, mo máa kúnlẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n máa po ìyẹ̀fun fún yín títí ayé, mo ti ń pò ó. Àmọ́ ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ mi á máa sùn."

Lóde, wọ́n ń gbọ́ tí Bàbá Ààrò ń sọ fún èrò pé kò sí nǹkan kan, kí kálukú máa ra búrẹ́dì rẹ̀. Nígbà tó yá, Màmá gé ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì náà jẹ lẹ́ẹ̀kejì, ó fi agídí gbé e mì.

"Ó yọ," ó ní. "Ó le bí òkúta, kò níyọ̀, ìtìjú gbáà ni fún ilé búrẹ́dì yìí. Àmọ́ ó yọ." Ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó jáde lọ bá èrò.

Ẹ máa rò pé Ìyàwó á jó. Kò jó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni "ó yọ", ibùsùn kékeré yẹn sì ṣì wà nínú yàrá yẹ́lò. Ohun tó wá burú jù ni pé Màmá dákẹ́. Kò fọwọ́ kan ikùn Ìyàwó mọ́. Bó bá wọlé láàárọ̀, á kí i bí a ti ń kí oníbàárà, á yà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Tíṣà gan-an ní òun ò mọ adùn búrẹ́dì náà mọ́, pé ariwo ni òun fi ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìgbà mìíràn, Ìyàwó á rí i pé òun ń dúró nídìí tábìlì ní àkókò tí Màmá máa ń wá gbé ọwọ́ lé òun. Ohun tó bèèrè ló rí gbà, kò sì dùn mọ́ ọn tó bó ṣe rò.

Ọjọ́ ìbí pé. Abẹ ni wọ́n máa fi gbé ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ náà ni Dókítà ti wí láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n pa ara rẹ̀ kú láti ìbàdí wálẹ̀, wọ́n ta aṣọ kan sáàárín òun àti ikùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀ kedere. Awakọ̀ wọlé pẹ̀lú fìlà ilé ìwòsàn lórí, ó rí abẹ, ó wó lulẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ síta bí àpò ìyẹ̀fun. Bó ṣe di pé Màmá nìkan ló ṣẹ́ kù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn.

Ìyàwó gbọ́ igbe ọmọ. Ó gbọ́ tí Dókítà ní, "Obìnrin ni!" Ó na ọrùn, aṣọ títa nìkan ló rí. Ẹ̀jẹ̀ ń dà ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì fẹ́ yọ ilé ọmọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọwọ́ gbogbo wọn dí. "Nọ́ọ̀sì, gbé ọmọ fún ìyá wọn lóde ná," Dókítà pàṣẹ, "kí ara rẹ̀ má tutù."

Ìyàwó gbọ́ ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì tó ń lọ. Ó ti tán, ó rò. Ọwọ́ tó kọ́kọ́ gbé e ni ọwọ́ tó ni ín. Ó ti sọ ọ́ nínú yàrá ìyẹ̀fun, ó ti kúnlẹ̀ lójú gbogbo èrò, òun náà rèé lórí tábìlì tí kò lè gbé ẹsẹ̀. Omi ojú rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ etí lọ.

Ilẹ̀kùn tún ṣí. Nọ́ọ̀sì náà ló padà wọlé, ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì le. "Ìyá ìkókó, ẹ bá mi bá ìyá yín wí o! Mo gbé ọmọ fún wọn, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Mo tún gbé e fún wọn, wọ́n kọjú sógiri, wọ́n di ojú. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ò tíì rí i. Wọ́n ní kí n dá a padà wá kí wọ́n tó ṣèèṣì wò ó."

Ó tẹ́ ọmọ náà sí Ìyàwó láyà. Ó kéré, ó pọ́n, inú ń bí i sí gbogbo ayé. Ìyàwó wo ojú rẹ̀ títí Dókítà fi rán ibi tó là tán.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá wá sí wọ́ọ̀dù. Ó pọn omi, ó ká aṣọ, ó bá Awakọ̀ jà pé aṣọ tó kó wá kò dára, ó tún irọ̀rí ṣe. Gbogbo nǹkan ló ṣe tán pátá àyàfi ọ̀kan: kò gbé ọmọ. Bó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fi ìka tó aṣọ tí wọ́n fi wé e, á tún lọ.

Obìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì ti ń wò wọ́n bọ̀ láti àárọ̀. "Ẹ kú ewu o," ó ní. "Màmá, kí lẹ jẹ́ sí wọn?"

Awakọ̀ gbé ojú sókè. Ìyàwó mọ ohun tó ń bọ̀. Ó lè kà á láìsí àṣìṣe: rédíò, kíndìnrín, ikùn gbígbá, dókítà tó ń wá gíláàsì, tèmi rèé. Ó fi orí lé irọ̀rí, ó dúró dè é.

"Ìyá ọkọ rẹ̀ ni mí," Màmá wí. Ó mú ife lórí tábìlì, ó lọ ń fọ̀ ọ́.

Obìnrin náà mi orí, ó ti fẹ́ yí padà sí ọmọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu Ìyàwó kó tó mọ̀.

"Wọn ò sọ ọ́ tán o," ó ní. "Èmi ò ní ilé ọmọ láti ọ̀run wá. Èyí tí wọ́n fi bí ọkọ mi, Màmá ní kí wọ́n la àwọn kí wọ́n yọ ọ́ fún mi, òun ni mo fi bí ọmọ yìí. Gbogbo àdúgbò ló ti bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi náà sọ pé ẹ ṣé, àmọ́ ẹ̀rù wọn ló ń bà mí nígbà tí mo sọ ọ́, kò dénú mi. Màmá, mo dúpẹ́. Ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kí n rí ọmọ bí, ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kó jẹ́ tèmi."

Ife bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì, ó yí gbirigbiri lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un. "Dákẹ́ jàre, má sunkún," ó ní, "ojú abẹ rẹ á dùn ọ́." Omi sì ń dà lójú òun gan-an, ó ń fi èjìká nù ún torí pé ó ti na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Gbé e wá," ó ní. "Bó bá tẹ́ ọ lọ́rùn, ìyá rẹ̀, gbé e wá kí n rí i."

Ìyàwó sì gbé ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́.